GẸ̀Ẹ́SÌ ORÍ FÓÒNÙ: TA NI YÓÒ FI YORÙBÁ LA Ọ̀NÀ FÚN OLÙBẸ̀RẸ̀?

Mo mọ̀ dájú pé ẹni tó bá rí àkọlé yìí nínú ìwé ìròyìn wa yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé, kí ló kan Gẹ̀ẹ́sì nínú ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá? Ṣé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà ni à ń pariwo lójoojúmọ́ pé ó fẹ́ lé èdè wa jáde nílé? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ọwọ́ wa ni irinṣẹ́ tí a lè fi tún un ṣe wà.

Kò sí àní-àní mọ́ pé fóònù ti di ilé ìwé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. YouTube bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005. TikTok di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láti nǹkan bí ọdún 2018. Láti ìgbà náà ni fídíò kékeré tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ ti gba ọwọ́ tọmọdé tàgbà. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ijó àti ẹ̀fẹ̀ nìkan ni àwọn ènìyàn ń wò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ rìn yí ká Gwagwalada, Kubwa, Nyanya tàbí Lugbe lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wo àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀: télọ̀, onídìrí, mẹkáníìkì, alágbàfọ̀ àti olóúnjẹ. Ẹ ó rí lára wọn tó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, tí olùkọ́ òyìnbó kan ń sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹta nínú rẹ̀, tí òun náà sì ń mi ètè tẹ̀lé e. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ́.

Èrò tèmi ni pé ohun tó dára ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n bó ti ń lọ yìí, kò lè gbé wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú fídíò tó wà nílẹ̀ kò mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ló ń wo òun. Yorùbá ló yẹ kí a fi ṣílẹ̀kùn Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ Yorùbá tó ń bẹ̀rẹ̀, àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni ó sì yẹ kí ó mú kọ́kọ́rọ́ náà dání.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi le ní Àbújá ju ibòmíràn lọ. Ní Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ènìyàn lè bẹ̀rẹ̀ òwò ní ọmọ ogún ọdún kí ó sì ṣe é dọjọ́ ogbó láìsọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì mẹ́wàá. Yorùbá ni yóò fi rà, òun ni yóò fi tà, òun náà ni yóò fi bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Àbújá kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin Kẹfà ọdún 1976 ló yàn án ní olú-ìlú tí gbogbo ẹ̀yà yóò jọ ni, ìjọba sì kó kúrò ní Èkó wá síbẹ̀ ní ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, ọdún 1991. Àwọn Gbagyi wà lára àwọn onílẹ̀; Haúsá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ná ọjà, Pidgin ni a fi ń wọ ọkọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń wọ ọ́fíìsì. Ọmọ Yorùbá tó bọ́ sílẹ̀ ní gáréèjì Jabi láti Òṣogbo tàbí Ìlọrin, tó jẹ́ Yorùbá nìkan ló wà lẹ́nu rẹ̀, dà bí ẹni tó kó owó Sẹ́fà wá sí ọjà náírà. Owó ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á.

Kì í ṣe òní ni ọmọ Yorùbá ti ń bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti òfo. Àjàyí Crowther, tí wọ́n mú lẹ́rú ní Òṣoogùn ní 1821, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, tí wọ́n sì gbé e dé Freetown. Nígbà tó di 1827, ó ti wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Ní 1843, ó tẹ ìwé jáde tó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ẹ kíyè sí i: ó kọ́ tiwọn, ó sì to tiwa jọ. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ gbà á lọ́wọ́ olùkọ́. BBC bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì lórí rédíò ní 1943. Tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, ètò fún ilé ìwé sì wà lára ohun tó ń gbé jáde. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àgbà, tí òfin ọdún 1990 dá sílẹ̀, Àbújá níbí ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Gbogbo ìwọ̀nyí ní àǹfààní tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní àkókò tí ènìyàn gbọ́dọ̀ pa mọ́. Oníṣẹ́ ọwọ́ kò ní àkókò kan pàtó. Ìgbà tí oníbàárà kò bá sí lọ́ọ̀dẹ̀ ni àkókò tirẹ̀.

Ibẹ̀ ni fídíò kékeré ti wúlò. Lọ́nà kìn-ín-ní, fóònù kì í fi olùbẹ̀rẹ̀ ṣẹ̀sín. Àgbàlagbà tó ti bímọ mẹ́ta kì í fẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kí ọmọ ogún ọdún máa pàṣẹ fún un pé kó ka A, B, C níwájú ogunlọ́gọ̀. Lórí fóònù, òun àti olùkọ́ rẹ̀ nìkan ni. Lọ́nà kejì, fóònù kì í rẹ̀. Olùkọ́ kíláàsì lè sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹta kí ojú rẹ̀ tó le. Fídíò yóò sọ ọ́ nígbà ogójì bí o bá fẹ́. Etí ló sì ń kọ́kọ́ kọ́ èdè kí ẹnu tó gbà á. Ọmọ ọwọ́ a máa gbọ́ fún nǹkan bí ọdún kan gbáko kí ó tó pe ìyá rẹ̀. Lọ́nà kẹta, owó. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi ohun tí kò ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ kún iye tí wọ́n ń gbà. Ẹni tó ń ṣọ́ dátà ná kò lè wo ẹ̀kọ́ wákàtí kan. Ó lè wo ti ìṣẹ́jú kan, ó sì lè fi í ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí WhatsApp. Àwọn BBC náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ètò fídíò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ English in a Minute. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wá ni ìṣòro? Télọ̀ kan wà nítòsí ọgbà wa tó ti ń wo irú fídíò bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ó mọ orúkọ èso tí kò fojú rí rí. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé yìnyín ń já bọ́. Ó lè ka ọjọ́ ọ̀sẹ̀ láìdánudúró. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé ọjọ́ wo ni aṣọ òun yóò ṣetán, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò pè pé kí ó wá bá òun dáhùn. Ẹ má bínú sí i, kì í ṣe òpè. Ẹni tó ṣe fídíò náà kò rí Gwagwalada lójú àlá. Gbogbo ayé ni ó ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ kò lè mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń kọ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ibi mélòó kan tí ẹsẹ̀ ti ń kọ ọmọ Yorùbá, kí a lè rí i pé gbólóhùn Yorùbá kan péré lè tú ohun tí ọgọ́rùn-ún fídíò òyìnbó kò lè tú.

Ẹ mú "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́". Bí a bá bi ọmọ Yorùbá pé, "Ṣé o kò tíì jẹun ni?" tí kò sì tíì jẹun lóòótọ́, "Bẹ́ẹ̀ ni" ni yóò dáhùn. Ohun tó ń sọ ni pé òótọ́ ni ohun tí o wí. Gẹ̀ẹ́sì kò wo ọ̀rọ̀ ẹni tó béèrè. Oúnjẹ ni ó ń wò. Bí oúnjẹ kò bá tíì wọ ikùn, "No" ni. Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí, títí nọ́ọ̀sì yóò fi bi ìyá ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ṣé ọmọ rẹ̀ kò tíì lo oògùn òwúrọ̀ ni. Ìyá ní "Yes", ó rò pé òun ti sọ pé kò tíì lò ó. Bí nọ́ọ̀sì bá gbọ́ ọ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe gbà á, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ ti lo oògùn. Mélòó nínú fídíò àwọn olùbẹ̀rẹ̀ ló ń kìlọ̀ èyí fún wa? Ẹni tí èdè tirẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ìkìlọ̀ yẹ níbẹ̀.

Ẹ tún mú "ó" àti "wọ́n". Olùbẹ̀rẹ̀ yóò pe ìyá rẹ̀ ní "he", àwọn ènìyàn yóò sì fi í rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ kan ṣoṣo ni yóò pè ní "they", wọn yóò tún rẹ́rìn-ín sí i. Kò sí ìwà òmùgọ̀ kankan nínú méjèèjì. Bí Yorùbá bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan dípò orúkọ ènìyàn, ohun tó ń béèrè ni pé, ṣé àgbà ni tàbí ọmọdé? Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè ni pé, ṣé ọkùnrin ni tàbí obìnrin? Ìbéèrè wọn kò dọ́gba, ìdáhùn wọn kò sì lè dọ́gba. Bí a bá fi ẹnu ara wa sọ ọ́ báyìí fún àgbàlagbà kan, yóò mi orí, yóò ní, "Háà, ó yé mi." Bí kò bá sí ẹni tó sọ ọ́ fún un, ó lè ṣi í sọ fún ogún ọdún.

"Gbọ́" náà ńkọ́? À ń gbọ́ ọ̀rọ̀, à ń gbọ́ òórùn, a sì tún ń gbọ́ èdè. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: etí ní tirẹ̀, imú ní tirẹ̀, òye ní tirẹ̀. Ẹ wo "pẹ̀lẹ́" bákan náà. Bí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ kọ, a ó ní "pẹ̀lẹ́", nítorí náà ni a ṣe ń sọ "sorry" fún un ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Nàìjíríà yóò gbọ́ ọ yé. Àjèjì láti Lọ́ńdọ̀nù lè máa ronú pé ìwọ ni o gbé òkúta síbẹ̀. Ẹ sì wo "ẹ kú iṣẹ́". A sọ ọ́ di "well done", bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ìyìn fún ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ yanjú ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi èyí ṣe, kì í ṣe ìkíni fún ẹni tó ṣì wà nínú òógùn. Kò sí ohun tó burú nínú kí a máa kí ara wa bẹ́ẹ̀ nílé. Ohun tó burú ni kí olùbẹ̀rẹ̀ má mọ̀ pé ìlẹ̀kùn méjì ni.

Ẹ jẹ́ kí a bọ́ sórí ohùn. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń lò láti òkè wá, "fídíò", ẹ wo ohun tí ahọ́n wa ṣe sí i. Kò sí v nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, a fi f rọ́pò rẹ̀. Kò sí z, a fi s rọ́pò rẹ̀, ni "zip" fi di "síìpù". Lẹ́tà 25 ni tiwa, 26 ni tiwọn. Márùn-ún péré nínú tiwọn, c, q, v, x àti z, ni kò sí nínú tiwa. Ẹni tó bá ti lè ka Yorùbá ti ní lẹ́tà 21 lọ́wọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohùn wọn ni ó kù kó fi wé ara wọn, nítorí pé p tiwa kì í ṣe p tiwọn. Ẹ̀kọ́ v kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ: fi eyín òkè lé ètè ìsàlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pe f, kí o wá jẹ́ kí ọ̀fun rẹ kùn bí oyin. Ní ti bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń tẹ apá kan ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ju apá kejì lọ, èyí tó máa ń da àwọn ẹlòmíràn láàmú, etí wa ti ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ pípẹ́. Tísà, sọ́jà, táyà: ibi tí òyìnbó ti tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ gan-an ni a fi àmì òkè sí nígbà tí a yá a. Dò, re, mí tí a ń kọ́ ní kíláàsì, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ẹ̀ka mìíràn ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀, òun náà ni a lè fi kọ́ni bí a ṣe ń pe Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ ìgboro náà tún wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ́ "drop" nínú fídíò mọ̀ pé kí a já ènìyàn sílẹ̀ ni. Kí ó wá dá takisí dúró ní Berger kí ó ní "drop". Ohun tí awakọ̀ gbọ́ ni pé ó fẹ́ dá gba gbogbo ọkọ̀, owó ènìyàn mẹ́rin ni yóò sì bi í. Gẹ̀ẹ́sì Lọ́ńdọ̀nù kò ní kọ́ ọ ní ìyẹn. Bákan náà, ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ ní Àbújá ń gbọ́ Pidgin ní ọjà, wọ́n sì rò pé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń wò lórí fóònù ni. Èdè gidi ni Pidgin, ó sì wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn mọ èyí tó wà lẹ́nu òun kó tó wọlé ìdánwò iṣẹ́.

Ibi kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí. Fídíò tí ọmọ Yorùbá ń ṣe nípa Gẹ̀ẹ́sì kò wọ́n rárá, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Bàbá àgbẹ̀ kan "yìnbọn", gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọ̀dọ̀ kan ṣi ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n tún un gbé jáde nígbà ẹgbẹ̀rún. Mo fẹ́ràn ẹ̀rín, n kò sì ní kí a pa àwàdà run. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rín náà ń kọ́ olùbẹ̀rẹ̀ ni pé ẹni tó bá yanu sọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò dán mọ́rán ti di ẹni ẹ̀sín. Nítorí náà ó pa ẹnu mọ́. Ẹni tó bá sì pa ẹnu mọ́ kò lè kọ́ èdè láéláé. Àwa tí a gbọ́ méjèèjì la lè ṣe irú fídíò mìíràn, èyí tí àṣìṣe inú rẹ̀ yóò jẹ́ ohun tí a tú wò, tí a sì tún ṣe.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ta kò mí. Wọn yóò ní ẹni tó fẹ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí ó máa gbọ́. Bí a bá ń fi Yorùbá là á yé e, Yorùbá kò ní jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì ráyè wọlé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá, ọdún 2022, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, níbi ìpàdé kan tí British Council ṣe ní Àbújá níbí, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ìdí tó mú wá ni pé ní agbègbè tí wọ́n ti lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Ìdánwò tí a ṣe ní ilẹ̀ wa ti dá a lóhùn tipẹ́. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ní ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọwọ́ Ford Foundation. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ mìíràn tẹ̀ lé ti àtẹ̀yìnwá: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé dé òpin ṣe dáadáa ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù, Gẹ̀ẹ́sì wọn gan-an kò sì rẹ̀yìn. Lóòótọ́, ọmọdé ni wọ́n dán wò, kì í ṣe àgbàlagbà tó ń wo fóònù. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ́ wa ṣe kedere: Yorùbá kì í dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà. Ohun tó ń dí i lọ́nà ni kí a fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò yéni kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn mìíràn nínú ẹgbẹ́ wa yóò ní, ṣé iṣẹ́ tiwa ni kí a máa tan Gẹ̀ẹ́sì kálẹ̀? Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé àwọn ènìyàn wa ní Àbújá. Ìyá tí ojú ń tì nítorí pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń fòfin de Yorùbá nínú ilé jù. Ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì jákujàku tó ní ni yóò máa fi bá ọmọ sọ̀rọ̀, kí ọmọ má bàa rí bí òun. Níkẹyìn, ọmọ kò rí Gẹ̀ẹ́sì tó jíire gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì rí Yorùbá gbà. Bí ìyá náà bá rí ibi tó ti lè kọ́ Gẹ̀ẹ́sì láìfi ojú gbolẹ̀, tí ó sì jẹ́ Yorùbá ni wọ́n fi là á yé e, yóò rí i pé èdè tó lè tú Gẹ̀ẹ́sì palẹ̀ kì í ṣe èdè tí à ń fi pamọ́ fún àlejò. Ìyá bẹ́ẹ̀ kò ní bẹ̀rù àtifi Yorùbá bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fi Yorùbá kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá gan-an ló ń gbé lárugẹ.

Báwo ni a ó ṣe ṣe é? Kò gba owó, kò sì gba kámẹ́rà ńlá. Fóònù tó wà lápò wa tó. Ohun kan ṣoṣo ni kí fídíò kan kọ́ni, kí ó má sì ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kí a fi Yorùbá sọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà: o wà ní báńkì, káàdì rẹ há sínú ẹ̀rọ, o gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, oníbàárà ń béèrè ọjọ́ tí aṣọ yóò ṣetán, ọ̀gá ń bi ọ́ ní ọdún tí o ti fi ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà kí a sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì náà lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó kọ́kọ́ rọra, kí ó sì yá níkẹyìn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ gan-an. Kí a dákẹ́ díẹ̀ kí ẹni tó ń wò ó lè sọ ọ́ tẹ̀lé wa. Kí a kọ méjèèjì sí ojú fídíò, Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré. Kí a má fi orin dí ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Kí fídíò náà fúyẹ́, kí ó má jẹ dátà púpọ̀ lórí WhatsApp.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ jókòó sí họ́sítẹ́ẹ̀lì kí a máa méfò ohun tí oníṣẹ́ ọwọ́ fẹ́ sọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè. A mọ gírámà. Wọ́n mọ ohun tí oníbàárà ń bi wọ́n. Kí a lọ bá wọn, kí a ní kí wọ́n sọ gbólóhùn mẹ́wàá tí wọ́n máa ń fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ tí kì í jáde lẹ́nu wọn. Gbólóhùn mẹ́wàá náà ni fídíò mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ohun kan sì tún wà tí fídíò kò lè ṣe: kò ní etí. Bí olùbẹ̀rẹ̀ bá ṣì í pè, kò ní mọ̀. Nítorí náà, kí fídíò kọ̀ọ̀kan ní ẹni kan lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí olùbẹ̀rẹ̀ lè sọ ọ̀rọ̀ náà sínú fóònù ránṣẹ́ sí, tí yóò sì dá a lóhùn láìfi í ṣẹ̀sín. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa bá gba ènìyàn mẹ́ta mọ́ra, iṣẹ́ náà kò ní wọ ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí: kí Ẹgbẹ́ wa gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, kí a sì yan àwọn tí yóò lọ bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà sọ̀rọ̀. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ṣe fídíò kan péré kí sẹ̀mẹ́sítà yìí tó parí. Bí a bá pé ọgbọ̀n, fídíò ọgbọ̀n ni. Ẹni tó bá wo ọ̀kan lóòjọ́ yóò fi oṣù kan kọ́ ọgbọ̀n gbólóhùn tó wúlò fún un. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó kéré jù. Bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó.

Ire o.